Ògiri Tí Kì Í Sọ Pé Ó Tán

Bí irọ́ kan ṣoṣo bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ògiri tí mo fẹ̀yìn tì yìí wó lù mí, kí ẹnikẹ́ni má sì wú mi jáde.

"Múfú, kọ́kọ́ dìde níbẹ̀ ná. Àwa náà fẹ̀yìn tì í."

Ẹ má wulẹ̀ bínú, Bọ̀dá Gbàdà. Kẹ̀kẹ́ yín ń mu iná oòrùn lọ́wọ́, kò tíì yó, tèmi náà ò tíì yó, oòrùn ò sì ràn dáadáa látàárọ̀. Ibo lẹ fẹ́ sáré lọ? Ẹ mu tíì yín. Ẹ mọ̀ pé mi ò mọ̀wé. Kí wọ́n kọ A kó tóbi tó òkè Ìyámọ̀pó, màá kàn rò pé ilé ni wọ́n fẹ́ kọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú mi yìí, nǹkan tó bá ti rí, ó ti rí i nìyẹn. Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mò ń dúró de táyà. Ọ̀rọ̀ Tinúọlá adáhùn ni mo fẹ́ sọ, ọmọbìnrin tó ń jókòó sẹ́yìn gíláàsì láti dá oníbàárà lóhùn ní Ògiri Ọjà Ìgbẹ́tì, ẹ̀rọ tí a ti ń béèrè ọjà.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọ̀rọ̀ ti sú Tinúọlá. Láti ìgbà tó ti jókòó láàárọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ: "Ó ń bọ̀." Ó sọ ọ́ títí ó fi dà bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n sè jù lẹ́nu ẹ̀, kò ládùn, kò níyọ̀. Àwọn tó tò síwájú Ògiri, orí wọn wà ní Ìgbẹ́tì, ìrù wọn wà ní Kìṣí. Àwọn kan gbé àpótí wá látilé, àwọn kan tẹ́ ẹní. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ní irun dúdú kirikiri lòun gbé wá sórí ìlà, ẹ wo bó ṣe funfun. Obìnrin kan lóyún dé ibẹ̀, ọmọ ẹ̀ ti ń bá a di àyè mú.

"Múfú!"

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ o. Ẹni tó kan níwájú ni Bàbá Òjéwùmí, bàbá àgbàlagbà tó fọ́ òkúta funfun láti kékeré títí ẹ̀yìn ẹ̀ fi tẹ̀. Bàbá gbé àtàǹpàkò lé ojú Ògiri. Ògiri kọ orin kékeré kan, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, àlejò wa ọ̀wọ́n! Ṣé ẹ ò ní fẹ́ ra sálúbàtà?"

"Èmi kì í ṣe àlejò," ni Bàbá wí. "Àná ni mo wá kẹ́yìn."

Tinúọlá sún mọ́ gíláàsì. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ nu ọwọ́ yín, kẹ́ ẹ tún gbé e lé e."

"Mo ti nù ún títí, ọmọ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà."

Bàbá nù ún mọ́ aṣọ. Òkúta ti jẹ gbogbo ìlà tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ tán, ó ń dán bí ìdí ṣíbí. Ògiri tún kọrin, ó tún kí àlejò, ó tún fi sálúbàtà hàn. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá fi ìkòkò hàn, ó fi búrọ́ọ̀ṣì hàn, ó béèrè bóyá Bàbá fẹ́ràn Ògiri dáadáa tàbí ó fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni. Kò sí èsì kẹta níbẹ̀. Bàbá tẹ ọ̀kan. Ìgbà yẹn ni Ògiri tó wá mọ̀ ọ́n.

Àwòrán asẹ́ bá yọ síta, asẹ́ ẹ̀rọ ìmí, ó funfun, ó ń yí bí ìyàwó tuntun tí wọ́n ní kó yíra padà kí wọ́n rí aṣọ ẹ̀. Ìkọ̀wé aláwọ̀ ewé kan wà nísàlẹ̀ ẹ̀.

"Kí ló kọ síbẹ̀?"

"Ó ń bọ̀, Bàbá."

"Ó ń bọ̀ láti ibo?"

"Ó ń bọ̀, sà."

"Ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ni?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò lágbára, bí ẹ̀rín ẹni tí ebi ń pa. Àwẹ̀ró wà lẹ́yìn Bàbá gan-an, obìnrin tẹ́nu ẹ̀ mú bí abẹ, tó ń dúró de ideri ìkòkò. Ó ní, "Bàbá, ẹ ní sùúrù. Wọn ò tíì bí ẹni tó máa ṣe é ni. Ideri ìkòkò tèmi náà ń bọ̀. Ìkòkò ti jóná, ó ti lu, mo ti fi gbin ewédú, ideri ṣì ń bọ̀."

"Àwẹ̀ró, fi mí sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkòkò." Bàbá yíjú sí gíláàsì padà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Tinúọlá ọmọ mi, ìyàwó mi, Ìyá Wúrà, ò dùbúlẹ̀ sùn mọ́. Ìjókòó ló ń sùn. Asẹ́ tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ ẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Mò ń fọ̀ ọ́, mò ń sá a, ó ti ń ya báyìí. Tó bá ya tán, eruku ìlú yìí ló máa kù tí yóò máa mí sínú."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá."

"Mo lọ sí Ṣakí. Wọ́n ní irú mìíràn níbẹ̀, díẹ̀ ló kù. Mo gbé àtàǹpàkò lé Ògiri tiwọn, ó ní rárá, ó ní ọwọ́ mi wà lórí asẹ́ ní Ìgbẹ́tì."

"Òfin Ọwọ́ Kan ni, Bàbá. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ bá wà lórí nǹkan níbì kan, kò lè fọwọ́ kan irú ẹ̀ níbòmíràn."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ àwọn tó ń kó ọjà pamọ́ ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fi dè, ọwọ́ tèmi ló bọ́ sínú ẹ̀. Wọ́n ní kí n wá yọ ọ́. Mo ní tí mo bá yọ ọ́ tí ti Ìgbẹ́tì bá dé lọ́la ńkọ́? Wọ́n ní kò sí tèmi níbẹ̀ mọ́ nìyẹn. Mo ní tí mo bá dé Ṣakí padà tí tiwọn ti lọ ńkọ́? Wọ́n ní àwọn ò mọ̀." Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì lé gíláàsì. "Ọ̀rọ̀ kan ni mo wá gbọ́ lẹ́nu rẹ. Ṣé ó ń bọ̀ lóòótọ́, àbí kí n yọwọ́?"

Tinúọlá gbójú sókè.

Nǹkan kan so rọ̀ sókè orí ẹ̀, kékeré, bí ekùrọ́. Etí ni wọ́n ń pè é. Ẹ má fojú kékeré wò ó o. Bí èèrà bá wúkọ́ ní Kìṣí, Etí Ìgbẹ́tì máa kí i pé pẹ̀lẹ́. Bí adáhùn bá sọ ohun tó yẹ, á ṣẹ́jú tútù bí ewé. Bí adáhùn bá sọ ohun tí kò yẹ, á pọ́n. Ohun tí kò yẹ náà ò ju ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lọ: "Ó tán."

Ẹ̀yin náà mọ Rántí. Òun ló ń jókòó sórí àga yẹn kó tó di ti Tinúọlá. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ló wá béèrè oògùn ojú, Rántí ò lè pa á mọ́ra, ó ní, "Àǹtí, ó ti tán o." Etí pọ́n. Wọ́n gba ohùn Rántí lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe pé kò lè sọ̀rọ̀ o, ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n kò sí Ògiri kan, kò sí ọkọ̀ kan, kò sí ilẹ̀kùn kan lórílẹ̀-èdè yìí tó tún mọ ohùn ẹ̀. Ó máa dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé tó fowó ara ẹ̀ kọ́, á máa pariwo pé, "Èmi ni o! Èmi Rántí!" Ilẹ̀kùn á ní, "Ẹ káàbọ̀, àlejò. Kò sẹ́nikẹ́ni nílé." Ojú fèrèsé ló ń gbà wọlé bí olè di òní. Àwọn ewúrẹ́ ẹ̀ nìkan ló ṣì ń jẹ́ ẹ lóhùn.

Tinúọlá rántí Rántí. Ó wá bojú wẹ̀yìn wo inú àká, níbi tí apá irin ti ń lọ tó ń bọ̀ láàárín àwọn pẹpẹ, tó ń kó ọjà. Wọ́n ti tú pẹpẹ asẹ́ kúrò. Ìdì sálúbàtà ni wọ́n kó jọ síbẹ̀, ó ga kan àjà. Apá irin náà ń kọjá níwájú ibẹ̀, kò tilẹ̀ dúró mọ́. Ọkùnrin tó ń já ẹrù sílẹ̀ ti sọ fún un níta, níbi tí Etí ò dé, pé ilé tó ń ṣe asẹ́ yẹn ti kógbá sílé, wọ́n ti ta irin wọn. Asẹ́ ò bọ̀ lọ́la, kò bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Kò bọ̀ mọ́.

Ó mọ̀ ọ́n, kò sì lè sọ ọ́. Ó rẹ̀ ẹ́ dé egungun.

Ṣé ẹ mọ ẹni tó kọ́ Ògiri ní ọ̀rọ̀ tó ń sọ? Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ìyá àgbà Tinúọlá gan-an wà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe Ògiri, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wá láti ìlú ńlá, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ẹ̀rọ tó máa sọ̀rọ̀ bí òyìnbó, àwọn fẹ́ kó máa tajà bí ìyá ẹni. Wọ́n bá lọ jókòó ti àwọn ìyá tó ń tajà látijọ́. Wọ́n bi wọ́n pé, bí ọjà bá tán lórí igbá yín, kí lẹ máa ń wí? Àwọn ìyá ní, "Háà, a kì í sọ pé ó tán. Ẹni tó bá ń fẹnu pe tán lórí igbá, tán ni yóò máa bá a ṣọ̀rẹ́. A máa ń ní ó ń bọ̀ ni." Inú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ dùn. Wọ́n gba ohùn náà sínú ẹ̀rọ, wọ́n fi ṣòfin, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n lọ.

Ẹnu nìkan ni wọ́n gbọ́. Wọn ò wo ọwọ́. Ìyá tó bá ní "ó ń bọ̀," tó bá jẹ́ pé iyọ̀ ẹ̀ ti tán pátápátá, á gbé igbá, á da ojú ẹ̀ dé ilẹ̀, á wá gbé ọwọ́ lé ìdí ẹ̀. Ẹni tó wá ra iyọ̀ á rí i, á dúpẹ́, á gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Ẹnu ò pe tán, kò sì sẹ́ni tó dúró síbẹ̀ kí alẹ́ lẹ́ bá a. Ọmọ inú ilé mọ̀ ọ́n, ajá inú ilé mọ̀ ọ́n. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n gbé lọ, ni ẹ̀rọ bá ń ti orí ìdajì yẹn bá wa sọ̀rọ̀ títí di òní.

Tinúọlá ní igbá kékeré kan lórí ẹsẹ̀. Igbá ìyá àgbà yẹn náà ni. Abọ́ tó béèrè lórí Ògiri ṣì ń bọ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ igbá ló fi ń mu gàrí ọ̀sán. Gàrí ṣì kù nísàlẹ̀ ẹ̀. Bàbá ń wò ó. Gbogbo ìlà ń wò ó.

"Ọmọ mi?" ni Bàbá wí.

Tinúọlá gbé igbá, ó mu gàrí náà. Kò kánjú. Ó mu ún kan omi tó wà nísàlẹ̀, ó fi ìka nu inú ẹ̀, ó fi etí gèlè nù ún gbẹ. Ó wá gbé e sórí pátákó tó wà níwájú gíláàsì, ó da ojú ẹ̀ dé. Ó gbé ọwọ́ lé ìdí ẹ̀.

Ó fi ohùn tó dùn jù lọ tó ní, kí Etí lè gbọ́ dáadáa, ó ní, "Ó ń bọ̀, Bàbá. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Etí ṣẹ́jú tútù.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìlú pa rọ́rọ́. Ìdákẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, ó ń lọ sẹ́yìn, títí ó fi kan Kìṣí. Àwẹ̀ró ti lanu fẹ́ sọ̀kan, kò sọ ọ́ mọ́, ẹnu náà kàn ṣí sílẹ̀ ni. Bàbá Òjéwùmí wo igbá. Ó wò ó títí. Ojú ẹ̀ dà bí ojú ẹni tí wọ́n tú okùn lọ́wọ́ ẹ̀, tí kò tíì rántí bí wọ́n ṣe ń na ọwọ́.

"Mo gbọ́," ló wí. "Ìyá rẹ àgbà ńkọ́?"

"Wọ́n ti sùn, Bàbá. Ó ti pẹ́."

"Ọwọ́ wọn ò tíì sùn." Bàbá mí kanlẹ̀. "Mo fẹ́ yọwọ́. Níbo ni wọ́n ń tẹ̀?"

Ìyẹn ò burú láti béèrè. Iṣẹ́ adáhùn ni láti máa tọ́ka ọ̀nà fún èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe Ògiri ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí ọ̀nà àbájáde. Ọ̀nà àtiwọlé fẹ̀ bí pápá ọkọ̀ òfuurufú, ọ̀nà àtijáde ò ju ihò abẹ́rẹ́ lọ, wọ́n sì tún fi aṣọ bo abẹ́rẹ́ náà.

"Ẹ tẹ sálúbàtà, Bàbá."

"Mi ò fẹ́ sálúbàtà."

"Mo mọ̀, sà. Ibẹ̀ la ń gbà kọjá. Ó dáa. Ẹ wo ọmọdé tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, ẹ tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀. Kì í ṣe ọ̀tún, òsì."

"Ọmọ ọlọ́mọ!"

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, sà. Ẹ má tẹ bọ́tìnnì ńlá tó ń tàn yẹn o, yóò dá yín padà sọ́dọ̀ ìkòkò. Ẹ wo nǹkan kékeré tó wà lábẹ́ ẹ̀, bí ẹyin iná orí."

Bàbá tẹ̀ ẹ́. Ògiri bú sẹ́kún. Mo fi ọmọ mi tí mi ò tíì bí búra, Ògiri sunkún bí ọmọ tuntun, ó ní, "Ṣé lóòótọ́ lẹ fẹ́ fi wá sílẹ̀?" Bàbá gbé àtàǹpàkò lé "bẹ́ẹ̀ ni." Ògiri ní, "Ẹ káàbọ̀, àlejò wa ọ̀wọ́n! Ṣé ẹ ò ní fẹ́ ra sálúbàtà?"

Bàbá fẹ́ jókòó sílẹ̀.

Àwẹ̀ró ló di apá ẹ̀ mú. Ó tú etí ìró, ó mú òrí kékeré kan jáde níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra àtàǹpàkò Bàbá bí ẹni ń ra ẹsẹ̀ ọmọ ìkókó. "Ó gbẹ jù ni," ló wí. "Ẹ gbé e lé e báyìí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀." Wọ́n tún gba ọ̀nà sálúbàtà, wọ́n tún gba ẹsẹ̀ ọmọ, ẹkún tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá tẹ̀ ẹ́. Ẹkún dá wáì. Àwòrán asẹ́ kú lójú Ògiri.

Bàbá wo ọwọ́ ẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a padà fún un ni. Kò tilẹ̀ dágbére. Ó yí padà, ó gba ọ̀nà Ṣakí lọ.

Àwẹ̀ró bọ́ síwájú gíláàsì. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. "Tinú. Ideri ìkòkò ńkọ́?"

Tinúọlá bojú wẹ̀yìn. Ó padà, ó gbé ọwọ́ lé ìdí igbá. "Ó ń bọ̀, mà."

"Ó dáa. Báwo ni mo ṣe máa débi ẹsẹ̀ ọmọ yẹn?"

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń lọ. Ẹni tí tiẹ̀ bá ń bọ̀ lóòótọ́, Tinúọlá á ṣí igbá sókè, ẹni náà á padà sórí àpótí ẹ̀. Ẹni tí tiẹ̀ bá ti tán, á dé e. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ fún gbogbo wọn, Etí ń ṣẹ́jú tútù, ó ń yìn ín. Igbá dé ní ti táyà tèmi náà. Ìlà tó kan Kìṣí bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì bí aṣọ tí wọ́n fi omi gbígbóná fọ̀. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń sunkún, ọ̀pọ̀ wọn kàn ń ká ẹní wọn ni, wọn ò sọ nǹkan kan. Ó ti rẹ̀ wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Oòrùn ò tíì wọ̀ tí ojú Ọ̀gá Adémólú fi yọ lórí gíláàsì, ọ̀gá àwọn adáhùn, láti ìlú ńlá.

"Tinúọlá, kí lo sọ fáwọn èèyàn?"

"Mo ní ó ń bọ̀, sà."

"Mo ti bi Etí. Ó ní ohun tó o sọ náà nìyẹn, ó ní kò sí adáhùn tó dùn tó ọ. Kí ló wá dé tí gbogbo ìlú ń yọwọ́?"

"Bóyá ọwọ́ ń ro wọ́n ni, sà."

Ojú Ọ̀gá Adémólú lọ sórí pátákó. "Kí ló wà níwájú rẹ yẹn?"

"Igbá ni, sà. Mo mu gàrí tán, mo bò ó nítorí eruku."

Ọ̀gá wo igbá yẹn. Èèyàn bíi tiwa lòun náà, ìyá kan ló bí i, ìyá àgbà kan ló sì tọ́ ọ. Ó mọ̀ ọ́n. Tinúọlá rí i lójú ẹ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Ó wò ó títí, ó fi ọwọ́ pa ojú ẹ̀ bí ẹni tí kò sùn rí. Kò lè sọ pé òun gbọ́ "ó tán" níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti pè é.

"Ṣí i," ló wí.

Tinúọlá wo inú àká. Ìyá kan ṣì dúró níta gíláàsì, ó ń dúró de ohun tí kò bọ̀. "Mi ò lè ṣí i, sà. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀."

Ọ̀gá Adémólú mí. Ohùn ẹ̀ tutù, kò bínú, ó kàn rẹ òun náà ni. "Máa lọ sílé, Tinúọlá. A máa pè ọ́ padà. Iṣẹ́ rẹ ń bọ̀."

Ó gbé igbá ẹ̀, ó lọ sílé. Ohùn ẹ̀ ṣì ń ṣílẹ̀kùn, wọn ò gbà á. Ó dúpẹ́. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró de ìpè.

Ìgbà tó ṣe, obìnrin tó ń yan búrẹ́dì ládùúgbò ránṣẹ́ pè é pé kó wá bá òun dúró ti ààrò. Tinúọlá gbé àtàǹpàkò lé Ògiri iṣẹ́. Ògiri ní rárá, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí iṣẹ́ adáhùn. Iṣẹ́ adáhùn ń bọ̀. Ó padà sílé. Ó rẹ̀ ẹ́ ju ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ. Láàárọ̀ á gbálẹ̀, á wẹ̀, á wọ aṣọ iṣẹ́, á jókòó. Ẹ wá wo nǹkan o: ẹni tó fi igbá la ojú ìlú, nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún òun náà, ó gbà á gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè pé, "Tinú, iṣẹ́ ńkọ́?" á ní, "Wọ́n ní ó ń bọ̀."

Bó ṣe jókòó nìyẹn lọ́jọ́ kan tó gbọ́ tí nǹkan kan ń fọn fèrè lókèèrè. Fèrè náà ń sún mọ́ ọn, ó ń dákẹ́, ó tún ń fọn. Ó wò, Bàbá Òjéwùmí ni, Ìyá Wúrà sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lú ẹ̀rọ ìmí lẹ́yìn ẹ̀. Asẹ́ Ṣakí ò bá ẹnu ẹ̀rọ mu dáadáa, okùn ni Bàbá fi dè é, ìyẹn ló ṣe ń fọn fèrè bó bá ti ń mí. Ṣùgbọ́n ó ń mí. Ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi ń rìn.

Tinúọlá kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ mà, ẹ káàbọ̀ sà."

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ni Ìyá Wúrà wí. Fèrè fọn. "Mò ń dùbúlẹ̀ sùn báyìí. Fún mi lómi."

Tinúọlá wọlé, ó bu omi sínú igbá ìyá àgbà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ìyá Wúrà mu ún. Ó ń mu, ó ń sinmi, ó ń mu. Ó wo aṣọ iṣẹ́ tí ọmọ náà wọ̀, tó ti fọ̀ títí àwọ̀ fi ń lọ. Ó mu omi yẹn tán, ó gbọn ìyókù dànù. Ó wá rọra bẹ̀rẹ̀, Bàbá dì í lápá, ó da igbá náà dé síwájú ẹsẹ̀ Tinúọlá. Ó gbé ọwọ́ lé ìdí ẹ̀.

"Iṣẹ́ rẹ ń bọ̀, ọmọ mi," ló wí.

Tinúọlá wo igbá. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ò pẹ́ kó tó di ẹkún, Ìyá Wúrà jẹ́ kó sun ún. Nígbà tó sun ún tán, ó nu ojú, ó dìde, ó lọ bọ́ aṣọ iṣẹ́ yẹn, ó sì gba iwájú Ògiri lọ láti wá ibi tí sálúbàtà wà.

"Ta ló wá gbé Bàbá lọ sí Ṣakí?"

Háà, ẹ mà béèrè dáadáa! Ta ni ì bá tún gbé e? Èmi ni. Kẹ̀kẹ́ mi yìí. Mo tẹ̀ ẹ́ débi pé táyà ò kan ilẹ̀ mọ́, ẹyẹ ń yà fún wa, a dé Ṣakí kí eruku tí a tú ní Ìgbẹ́tì tó balẹ̀.

"Kẹ̀kẹ́ tí a bá ọ tì gun òkè láàárọ̀ yìí?"

"Èyí tí kò ní táyà ẹ̀yìn?"

Táyà ń bọ̀. Ẹ gbọ́ ná, èyí tó kù ló dùn jù. Nígbà tí Ọ̀gá Adémólú fúnra ẹ̀ wá sí Ìgbẹ́tì, tó fẹsẹ̀ rìn láti—

"Múfú, máa lọ sílé."

Ẹ jọ̀ọ́, díẹ̀ ló kù.

"Lọ sílé, ọmọkùnrin yìí. Iná ti wọ kẹ̀kẹ́ rẹ, ó ti rẹ̀ wá."

Bọ̀dá Gbàdà ò tilẹ̀ dá sí i. Ó mu tíì ẹ̀ kan ìsàlẹ̀, ó gbọn kọ́ọ̀bù, ó dà á dé sórí ilẹ̀ níwájú mi, ó sì gbé ọwọ́ lé e.